Lílì Oko Ìsẹ̀

Òjò ṣú lórí òkè Olósùnta lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, inú gbogbo ará Ìkẹ́rẹ́ sì ń dùn, àfi Motọ́láyọ̀ nìkan. Àwọn àgbẹ̀ ti ń wojú ọ̀run tipẹ́ nítorí ebè ti wà nílẹ̀, òjò ni kò tíì rọ̀. Àwọn ìyàwó ilé ti gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Motọ́láyọ̀ dúró lójú fèrèsé kíláàsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní báólójì, ó ń wo òjò tó ṣú náà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè ní kóòtù. Bí òjò yìí bá rọ̀ dé Ìsẹ̀, òdòdó kan yóò yọ nínú oko àwọn àna rẹ̀, kò sì ní lò ju ọjọ́ díẹ̀ kó tó rọ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjọ ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gba iṣu ìdí òdòdó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣu bá wà, orúkọ yóò dúró. Bí iṣu ò bá sí, orúkọ yóò pa rẹ́. Ọkàn obìnrin náà sì wà lára orúkọ yẹn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí Bánjọ ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Gbogbo ewéko igbó ilẹ̀ wa tó ní iṣu bí àlùbọ́sà nídìí ló fẹ́ tún tò, kó sì tún orúkọ wọn yẹ̀ wò. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ wọ́n lórúkọ ti sáré ṣe é. Wọ́n rí òdòdó lẹ́bàá odò, wọ́n fún un lórúkọ. Wọ́n padà wá lẹ́yìn tó rọ, wọ́n rí ewé rẹ̀, wọ́n tún fún ewé lórúkọ tirẹ̀, àfi bí ẹni tó pe ènìyàn ní Òjó láàárọ̀ tó wá ń pè é ní Àìná lálẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí kò bára wọn tan rárá tí wọ́n kó sábẹ́ orúkọ kan. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yẹn kò wo ilé, ojú ọ̀nà lásán ni wọ́n wò.

Bánjọ pín iṣẹ́ náà fún àwọn olùkọ́ káàkiri, Motọ́láyọ̀ ló sì fún ní apá gúúsù Èkìtì. Ó ti rìn ín dáadáa. Ó ti wọ àbàtà Ẹ̀mùré nítorí ògèdè odò, lílì inú omi, ó ti dé Ìlúmọba àti Ẹ̀gbẹ́, ó ti gun àpáta títí bàtà rẹ̀ fi ya. Bó ṣe ń rí wọn ló ń rí i pé ọ̀pọ̀ orúkọ inú ìwé kò ní ewéko kankan lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an nídìí orúkọ pípa rẹ́ nígbà yẹn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá fa ìlà gba àárín ọ̀kan kọjá, á ní ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ti lọ sùn.

Lẹ́yìn náà ló wá rí lílì oko Ìsẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, nítòsí àpáta pẹrẹsẹ kan nínú oko ẹbí ọkọ rẹ̀. Ó kéré sí gbogbo lílì tó mọ̀, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó rẹ̀ sì máa ń yọ nígbà òjò àkọ́rọ̀ kí ewé kankan tó hù. Lílì tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé ní ìlà pupa lójú òdòdó rẹ̀. Tibí yìí funfun láú. Motọ́láyọ̀ ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Bánjọ kọ̀wé padà pé òun náà ò rí irú rẹ̀ rí, pé bó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, ẹni tó rí i ló ni orúkọ rẹ̀ ní sísọ. Motọ́láyọ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n máa pè é ní Bùnmi, kí wọ́n fi ìrù Látìn wọn sí i lẹ́yìn bó bá ṣe wù wọ́n.

Olúbùnmi ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ibà gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn ń jó lójú títì Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, tí àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè láìdákẹ́. Àwọn àgbà ẹbí ọkọ rẹ̀ wá láti Ìsẹ̀, wọ́n gbé ọmọ lọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í jẹ́ kí ìyá àti bàbá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, a kì í sàmì sórí rẹ̀, a kì í sì í pe orúkọ rẹ̀ létí wọn mọ́. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀, wọ́n mú ife tánganran aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ pé inú rẹ̀ nìkan ni ọmọ náà ti ń mu omi. Nígbà tó yá, Motọ́láyọ̀ béèrè ife náà. Wọn kò fún un.

Àwọn tó ń pè é ní Ìyá Bùnmi lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Mísìs. Òun náà tó ti ń pe Akínkúnmi ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Bùnmi kò mọ ohun tí yóò máa pè é mọ́. "Ẹ gbọ́ ná" ló kù. Láti ìgbà náà, bí ọkọ bá wà ní pálọ̀, tí ìyàwó wà ní kíṣìnnì, ẹ gbọ́ ná, ẹ gbọ́ ná, bí ẹni tó ń pe àlejò. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti Motọ́láyọ̀ kú, ó tún nù.

Nígbà tó sọ fún Akínkúnmi pé orúkọ tí òun fún lílì nìyẹn, ọkùnrin náà gbé ṣíbí kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Adó, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ wàhálà.

"A kì í pe orúkọ òkú ọ̀fọ̀, Motọ́láyọ̀," ló wí. "Ìwọ fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé."

"Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa lè ní kí n má pè é."

Akínkúnmi kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà á, ó sì jọ pé ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó ju ẹ̀rù lọ.

Iṣu lílì náà ló wá dá gbogbo rẹ̀ dúró. Bánjọ ní òun rí òdòdó, òun rí ewé, ṣùgbọ́n ìdí la fi ń mọ ọmọ àlùbọ́sà. Ṣé èèpo rẹ̀ pupa ni àbí funfun? Ṣé ó ní ọrùn gígùn? Láìrí iṣu, òun ò ní jẹ́ kó wọ ìwé, ìwé náà sì ti fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Bàbá Adégòkè tó jẹ́ àbúrò bàbá Akínkúnmi, tó ń dá oko náà, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣu rárá. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó ní ejò ń bẹ níbẹ̀. Lọ́dún kejì ó ní ilẹ̀ apá ibẹ̀ lẹ́jọ́ nínú. Motọ́láyọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe àna rẹ̀ ní onírọ́. Ó gbà fún un kó já òdòdó, ó gbà kó já ewé. Bó bá ti kan ti ìdí rẹ̀, ojú bàbá náà á yí padà.

"Uyàwó mi," á ní, "irú rẹ̀ ń bẹ kiri. Fi tibẹ̀ yẹn sílẹ̀."

Òjò ọjọ́ Ajé rọ̀ dé Ìsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Motọ́láyọ̀ kò ti gbádùn mọ́. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ó gbé ìrẹsì kaná, ó jóná. Ó ń bẹ̀rù pé òdòdó á ti rọ kí òun tó dé ibẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, ó sì ń bẹ̀rù jù lọ pé òun á gbẹ́ ẹ, òun á sì rí i pé lílì lásán ni. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ọkọ́ kékeré àti ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú báàgì, ó wọ tasín tó ń lọ sí Ìsẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ọkọ rẹ̀ pàápàá.

Ìyàwó ilé kan kì í gba ẹ̀yìnkùlé àna rẹ̀ kọjá láìyà kí wọn. Motọ́láyọ̀ gbà á kọjá lọ́jọ́ náà. Ó tẹrí ba bí ẹni tó jí adìẹ, ó ń gbọ́ ohùn Bàbá Adégòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níbi tó ti ń bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀. Bó bá rí i, kí ló fẹ́ wí? Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyàwó olórúkọ, tó ń yọ́ wọ oko olóko pẹ̀lú ọkọ́ nínú báàgì! Ojú ara rẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

Òdòdó náà ti tan. Ó dúró nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, funfun, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ yí i ká sì dúdú níbi tí iná ọyẹ́ ti jó koríko. Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọkọ́ ha ilẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kó má baà ṣá iṣu. Ọkọ́ kan nǹkan, ó dún. Ó rò pé òkúta ni. Ó fi ìka hú u.

Etí ife ló yọ. Aláwọ̀ búlúù ni, tánganran rẹ̀ sì ti bó nítòsí ọwọ́ ife náà, níbi tí ọmọ kékeré kan ti jù ú mọ́ ògiri lọ́jọ́ tí kò fẹ́ mu oògùn.

Ó kọ́kọ́ rí i bí onímọ̀ ṣe máa rí i, nítorí ojú ẹni kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Iṣu lílì náà jókòó sínú ife bí ẹyin nínú àwo. Ó ti kún un dẹ́nu, kò ráyè sanra mọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti gba ìdí ife tó ti dípẹtà jáde lọ wá ilẹ̀. Èèpo rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ọrùn rẹ̀ gùn. Motọ́láyọ̀ mọ èèpo yẹn, ó mọ ọrùn yẹn. Lílì iwájú ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ni. Inú ife há, ilẹ̀ orí àpáta kò jìn, iná sì ń jó ewé rẹ̀ lọ́dọọdún: ohun tó sọ ọ́ di kékeré nìyẹn, tí òdòdó rẹ̀ fi ń ṣáájú ewé, tí pupa ojú rẹ̀ fi ṣá. Kì í ṣe tuntun. Kò sí Bùnmi kankan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà ló wá yé e ní ọ̀nà kejì. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Bí Bàbá Adégòkè ṣe bá a nìyẹn. Aládùúgbò tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló rí ìyàwó tó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọ fún un. Bàbá náà ti sáré, àgbàlagbà, fìlà rẹ̀ ti já sọ́nà. Ó wo ilẹ̀ tí wọ́n hú, ó wo Motọ́láyọ̀, ó sì jókòó lórí àpáta.

"Ẹ̀yin lẹ gbìn ín?" Motọ́láyọ̀ bi í.

Bàbá náà fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn wá gbé ọmọ, nígbà tí àwọn àgbà yòókù wà ní pálọ̀, òun dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé Motọ́láyọ̀. Òun rí lílì níbẹ̀, òun fa ọmọ rẹ̀ kékeré kan yọ. Kò sí ohun tí òun máa gbé e sí kó má baà gbẹ lọ́nà. Ife wà lára ẹrù tí wọ́n kó jáde, òun sì bu erùpẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé a kì í sàmì sórí òkú ọ̀fọ̀, pé kò dára kí ìyá rí ibẹ̀, kí ọmọ mìíràn má baà máa ṣe iyèméjì àtiwá. Òun nìkan ló padà lọ gbìn ín lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ. Láti ọjọ́ tí ìyàwó ti fẹ́ràn òdòdó náà, òun kò sinmi mọ́. Gbogbo òjò àkọ́rọ̀ ni ọkàn òun ń já.

"Oko ni ibí," ló wí. "Ọdọọdún ni a ń kọ ebè. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin uṣu lé e lórí. Mo sì fẹ́ kí nǹkan ulé yèyé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Nígbà náà ni Motọ́láyọ̀ bú sẹ́kún. Ó sun ún dáadáa, kò bò ó mọ́lẹ̀, Bàbá Adégòkè kò sì ní kó dákẹ́. Nígbà tó tán, ó fi ọwọ́ da erùpẹ̀ padà sórí etí ife náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò já òdòdó. Bàbá náà bá a gbé báàgì dé ibi ọkọ̀. Ohun tó ń bẹ̀ ẹ́ fún lọ́nà kò ju pé kó má jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí gbọ́.

Bánjọ dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú àpótí onírin tó ń kó ewéko sí. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó ti ń darúgbó, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Akínkúnmi ti tètè dé láti Adó láti bá ìyàwó rẹ̀ gba àlejò. Kò tíì mọ nǹkan kan. Ohun tó rí ni pé ojú ìyàwó òun wú, ó sì bẹ̀rù láti béèrè. Motọ́láyọ̀ kò jẹ́ kí àlejò jókòó. Ó mú un lọ síwájú ilé, ó wa lílì kan ní ẹ̀bá àtẹ̀gùn, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá rẹ̀ rèé, sà. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹnì kan ló mú tọ̀hún láti ibí lọ gbìn ín sínú nǹkan tó há."

Bánjọ yí iṣu náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó bó èèpo rẹ̀ wò. Ó bi í pé tọ̀hún ńkọ́, kí òun lè fi wọ́n wéra. Motọ́láyọ̀ ní òun ti rí i, ṣùgbọ́n òun kò ní wà á. Ọkùnrin náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé iṣẹ́ wọn, ó yọ bírò, ó rí orúkọ náà, ó sì dúró.

"Ta ni Bùnmi?"

Akínkúnmi ń gbé omi bọ̀ lórí tíréè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ wa ni," Motọ́láyọ̀ dáhùn. "Ó kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin."

Bánjọ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní ọ̀nà wà. Ó ní òun lè jẹ́ kí orúkọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé iṣu rẹ̀ ò tíì tẹ àwọn lọ́wọ́, ó ní ó di ìgbà tí ẹlòmíràn bá tún wá yẹ ìwé náà wò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kì í ṣe tuntun, ìyẹn sì lè tó ogún ọdún.

Ẹ wo bí ojú ọ̀nà ṣe ṣí sílẹ̀. Gbogbo ohun tí obìnrin yìí fẹ́ ní ayé rèé, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọlúàbí ló sì gbé e wá. Motọ́láyọ̀ wo orúkọ náà pẹ́. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sábẹ́ orúkọ náà: ìlú, oko, ẹ̀gbẹ́ àpáta wo. Orúkọ ewéko kì í wọ ìwé láìmú ilé rẹ̀ dání. Níjọ́ kan, ẹnì kan tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òun náà yóò kà á pé iṣu lílì yìí kò tíì tẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, yóò sì fi ọkọ́ sínú báàgì, yóò wọ tasín lọ sí Ìsẹ̀. Bàbá Adégòkè á ti kú nígbà náà.

Ó gba bírò lọ́wọ́ Bánjọ. Ó fa ìlà gba àárín orúkọ náà kọjá, ó fa òmíràn gba orí ìlú àti oko àti àpáta títí kò fi ṣeé kà mọ́. Ó ti fi ẹ̀rín pa orúkọ púpọ̀ rẹ́, kò rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kan yìí. Ó dá bírò padà fún oní-bírò.

Wọ́n sin àlejò dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, Akínkúnmi kò wọlé. Ó lóṣòó síbi tí Motọ́láyọ̀ ti wa lílì, ó ń fi ọwọ́ da erùpẹ̀ padà sínú kòtò náà. Motọ́láyọ̀ dúró tì í. Ó mọ̀ pé ohun tí tọ̀hún hù lé lórí ti yé ọkọ òun, ó sì ń bẹ̀rù ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e, nítorí kò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí bàbá gbọ́ ohun tí kò yẹ kí ìyá rí.

Akínkúnmi kò béèrè ibi tó wà. Kò gbójú sókè.

"Èyí tó wà lọ́hùn-ún," ló wí, "ṣé ó tan dáadáa?"

"Ó tan dáadáa, Bàbá Bùnmi."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró nínú erùpẹ̀. Ó dáhùn sí orúkọ náà.